Ọmọ Tí Kò Pé Oṣù àti Àwọn Kòkòrò Inú Ìfun Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ọmọ tí kò pé oṣù, èyíinì ni ọmọ tí a bí kí oyún rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Púpọ̀ nínú wa gbà pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti ń mí dáadáa, oúnjẹ nìkan ni ó kù tí yóò fi dàgbà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ìfun rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, tí ó sì lọ́wọ́ nínú ìdàgbàsókè rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí à ń pè ní bakitéríà ni.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ó ń fa àrùn. Ọmọ tí ó pé oṣù a máa kó àwọn tí ó wúlò láti ara ìyá rẹ̀, nígbà ìbí àti nígbà tí ó bá ń mu ọmú. Ti ọmọ tí kò pé oṣù yàtọ̀. Nígbà púpọ̀, iṣẹ́ abẹ ni a fi gbé e jáde. Inú ẹ̀rọ tí ń mú ara móoru ni a tẹ́ ẹ sí. A sì ń fún un ní oògùn apakòkòrò, tí kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Nítorí náà, àwọn kòkòrò ilé ìwòsàn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ìfun náà kò sì tíì gbó. Ó lè wú, kí apá kan rẹ̀ kú, kí ọmọ náà sì bá a lọ.

Kí ni omi ọmú ń ṣe sí i? Oríṣi ṣúgà tí ó ju 100 lọ wà nínú rẹ̀ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà nínú. Àwọn kòkòrò rere, irú èyí tí à ń pè ní bifidobacterium, ni ó ń jẹ wọ́n. Bí wọ́n ti ń jẹ wọ́n ni inú ìfun ń di kíkan, àwọn kòkòrò burúkú kì í sì í ráyè. Ọ̀kan nínú ìdí nìyí tí àìsàn ìfun yìí kò fi wọ́pọ̀ lára ọmọ tí ń mu ọmú ìyá tó ti ẹni tí ń mu mílíìkì inú agolo.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi kòkòrò ìfun àwọn ọmọ kan láti Màláwì sínú eku tí kò ní kòkòrò rárá. Oúnjẹ kan náà ni àwọn eku náà jẹ, síbẹ̀ àwọn tí ó gba ti ọmọ tí kò dàgbà dáadáa kò tóbi bí àwọn yòókù. Eku kì í ṣe ènìyàn, a kò sì yan àwọn ọmọ náà nítorí àìpé oṣù. Ṣùgbọ́n ó hàn pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń mú ọmọ dàgbà.

Àyà ìyá pàápàá jẹ́ ìtọ́jú. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, tí Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí a ti ṣe é, fi hàn pé ikú dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin-ín kan láàrin àwọn ọmọ tí kò tó kílò 1.8 tí a tètè gbé lé àyà ìyá wọn, láìdúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ìyá àgbà tí ó wà nílé kò sì ní jẹ́ kí ọ̀nà jíjìn dí òun lọ́wọ́. Yóò fi agbo rán awakọ̀, yóò sì ní kí a fún ọmọ ní omi díẹ̀. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfun tí kò gbó kò lè gbà á. Ọmú nìkan ni, títí di oṣù 6. Bí ọmọ kò bá lè fà á, kí a fún un jáde, kí àwọn nọ́ọ̀sì fi rọ́bà tàbí kọ́ọ̀bù fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì ra oògùn apakòkòrò fún ọmọ láìgbọ́ ti dókítà.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún Màmá pé kí wọ́n fi èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ rán awakọ̀ náà dípò agbo. Ìyá ọmọ ni yóò jẹ ẹ́, ọmọ yóò sì rí tirẹ̀ nínú ọmú.