Ọ̀fẹ́ ni Android, Play Store ńkọ́?

Ẹ wo fóònù ọwọ́ yín. Kóòdù Android, ọ̀fẹ́ ni: ìwé àṣẹ Apache 2.0 gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó, kó tún un ṣe, kó sì tà á. Àmọ́ Play Store, Gmail àti Maps kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Google ló ń pinnu fóònù tó máa gbé wọn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí iléeṣẹ́ wọn má bá Huawei ṣòwò láìgba àṣẹ. Kóòdù Android ṣì wà lọ́wọ́ Huawei, ṣùgbọ́n Mate 30 jáde láìsí Play Store. Ta ló fẹ́ rà á lẹ́yìn odi Ṣáínà?

Ẹ̀yin tó fẹ́ fi kóòdù ọ̀fẹ́ ṣòwò, ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀ dé òpin. Kí ẹ sì bi ara yín: kí ni kò sí níbẹ̀?