Ìwé Ọgbà Tó Mọ Òjò Wa: Ìdánwò Márùn-ún Kí Ẹ Tó Sanwó

Yálà inú bọ́ọ̀sì lẹ wà tí ẹ ti ń gbọ́ wa, tàbí ẹ ń ka èyí lórí fóònù níbi tí ẹ ti ń dúró de iná, ọ̀rọ̀ òní kàn yín bí ẹ bá ti ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, òfìfo àpò ìrẹsì méjì, tàbí ilẹ̀ kékeré lẹ́yìnkùlé tí ẹ fẹ́ fi gbin ẹ̀fọ́.

Ìbéèrè tó ń wọlé jù ni pé: "Ìwé ọgbà wo ni kí n rà?" Mi ò ní dárúkọ ìwé kan ṣoṣo kí n wá ní ẹ lọ rà á. Ìdánwò márùn-ún ni mo fẹ́ fún yín, tí ẹ lè fi yẹ ìwé èyíkéyìí wò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì? Ìwé tí kò mọ àdúgbò yín kò ní jẹ owó nìkan, ó máa jẹ àsìkò òjò kan mọ́ ọn. Owó lè padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Òjò oṣù kẹrin, ó di ọdún tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó tún rí i. Àwọn àgbà ní ibi a bá ń gbé là á ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìwé ọgbà.

Ìdánwò kìíní: irú kàlẹ́ńdà wo ló ń lò?

Ẹ ṣí ojú-ìwé tó sọ ìgbà tí a ń gbin nǹkan. Bó bá jẹ́ pé ìgbà òtútù àti ìgbà tí yìnyín bá yọ́ tán ló fi ń ka oṣù, ilé ẹlòmíì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Amẹ́ríkà, ẹ tún máa rí máàpù kan tó pín ilẹ̀ sí agbègbè 13. Ohun kan ṣoṣo ni máàpù yẹn ń wọ̀n: bí òtútù ṣe máa ń mú tó ní alẹ́ tó tutù jù lọ́dún. Ó wúlò fún wọn, nítorí òtútù ló ń pa ewéko lọ́dọ̀ wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, omi ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, á le gan-an ní oṣù kẹfà, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ sì tẹ̀lé e. Òjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún nìyẹn. Bí ẹ bá gun òkè lọ sí apá àríwá Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òjò ń rọ̀ lọ́dún. Nítorí náà, ìwé tó kàn kọ "Áfríkà" sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì yege. Ẹ wò ó bóyá ó mọ ìsinmi òjò oṣù kẹjọ. Bó bá mẹ́nu kàn án, àmì tó dáa nìyẹn.

Ìdánwò kejì: ibo ni oòrùn rẹ̀ wà?

Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé kí ẹ gbé ewéko tó fẹ́ràn oòrùn sí apá gúúsù ilé. Òótọ́ ni ní London, nítorí oòrùn ọ̀sán apá gúúsù ló máa ń wà níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n Èkó sún mọ́ agbedeméjì ayé, ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà ààbọ̀ sí àríwá rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wa máa ń wà. Ẹni tó bá gbé ata rodo rẹ̀ sí bákónì tó kọjú sí gúúsù nítorí pé ìwé ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, òjìji ló gbé e sí, nínú oṣù tí ata ń wá oòrùn jù.

Ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà náà ńkọ́? Oríṣi àlùbọ́sà kan wà tí kì í ta orí àfi bí ojúmọmọ bá gùn tó wákàtí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú èyí ni wọ́n ń gbìn jù ní Yúróòpù, níbi tí ojúmọmọ oṣù kẹfà lè ju wákàtí 16 lọ. Ojúmọmọ tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní wákàtí 12, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ẹ lè da ajílẹ̀ sí i, kí ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, ewé nìkan lẹ máa rí. Àlùbọ́sà tó ń wá láti Sókótó àti Kébbí, oríṣi tí ojúmọmọ kúkúrú tó ni. Ìwé tó dáa máa sọ irú èyí tí ẹ lè gbìn. Ìwé tó kàn kọ "àlùbọ́sà" láìṣàlàyé máa fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdánwò kẹta: orúkọ ta ló ń pe ewéko?

Ní ọjà wa, bí ẹnì kan bá pe ẹ̀fọ́ ní "spinach", ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló sábà ní lọ́kàn. Nínú ìwé òyìnbó, "spinach" jẹ́ ewéko mìíràn pátápátá, Spinacia oleracea, tó ń fẹ́ otútù. Bí ooru bá mú un, á ta òdòdó kíákíá, ewé rẹ̀ kò sì ní wúlò mọ́. Tẹ̀tẹ̀ tiwa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Amaranthus, ooru gan-an ló ń fẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà ọ̀kan láti fi gbin èkejì máa pàdánù. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà máa ń pe ọ̀dùnkún ní "yam". Ẹ fojú inú wo ẹni tó fẹ́ gbin iṣu, tó wá ń ka ìwé ọ̀dùnkún.

Orúkọ Yorùbá pàápàá máa ń yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Ìdí nìyí tí ìwé gidi fi gbọ́dọ̀ ní orúkọ Látìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé. Orúkọ Látìn ni kò ní yí padà bí ẹ bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ lórí Google, tàbí bí ẹ bá fẹ́ ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè yín.

Ìdánwò kẹrin: ṣé ó mọ ewédú?

Ẹ lọ sí atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ wá tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, ewúro àti ilá, lórúkọ Yorùbá tàbí lórúkọ Látìn. Bí ẹ kò bá rí ju ọ̀kan lọ, ẹ dá ìwé padà síbi tí ẹ ti mú un.

Bí ewédú bá wà níbẹ̀, ẹ kà á. Awọ kóró ewédú le. Bí ẹ bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀, díẹ̀ ló máa hù. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á di kóró náà sínú aṣọ, wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wọ́n á yọ ọ́ kíá, wọ́n á sì fi omi tútù sí i kí wọ́n tó gbìn ín. Ìwé tó bá sọ èyí, ọwọ́ òǹkọ̀wé rẹ̀ ti kan ilẹ̀ wa. Bí kò bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìwé ẹlòmíì ló ti ṣà á.

Ẹ wo ọ̀tá ọgbà náà. Ìwé ibòmíràn lè ní kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí omi má bàa tètè gbẹ. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, ṣùgbọ́n ìwé tiwa gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín nípa ikán, tó máa ń tẹ̀ lé koríko gbígbẹ wá. Ó yẹ kó mọ tata, kó sì mọ igbín.

Ìdánwò karùn-ún: ọdún wo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò èyí, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ìwé àtijọ́ lè dára gan-an lórí ilẹ̀, irúgbìn àti òjò. Ṣùgbọ́n bó bá kan oògùn kòkòrò, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí 1960 ń ní kí àwọn èèyàn fọ́n DDT, aldrin tàbí dieldrin. Àwọn májèlé wọ̀nyí wà lára àwọn tí Àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001 dojú kọ, nítorí wọn kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń kóra jọ sínú ara èèyàn. Nàìjíríà náà ti fòfin de paraquat, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Nítorí náà, ìwé tí kò tíì pẹ́ pàápàá lè máa dárúkọ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Tẹ̀tẹ̀ kì í ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lọ lórí ilẹ̀ kí ẹ tó fà á tu, kí ó sì wọ ìkòkò. Ohun tí ẹ bá fọ́n sí i kò ní ọ̀nà jíjìn láti rìn kó tó dé ẹnu ọmọ yín. Ìwé tó dáa máa sọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró láàárín fífọ́n oògùn àti kíkórè. Bí kò bá sí irú ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀, ẹ fi orí tó sọ̀rọ̀ oògùn sílẹ̀, kí ẹ ka ìyókù.

Ìwé wo ló wà nílẹ̀, nígbà náà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìwé tó ń sọ orúkọ ewéko yàtọ̀ sí ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbìn ín. The Useful Plants of West Tropical Africa tí Burkill ṣe kún fún orúkọ ewéko ní èdè wa àti ní èdè àwọn aládùúgbò wa, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ewé tí Pierre Verger kọ, tó jáde ní Brazil ní 1995, sọ nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń lo ewé. Àwọn méjèèjì níyì, ṣùgbọ́n ẹ má rà wọ́n nítorí pé ẹ fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ máa gbin ata.

Fún gbígbìn, Vegetables in the Tropics tí Tindall kọ ní 1983 kún fún ìmọ̀, àmọ́ gbogbo ilẹ̀ olóoru ló kó pọ̀, nítorí náà ẹ fi ìdánwò kìíní yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdìpọ̀ PROTA lórí ewébẹ̀, tí Grubben àti Denton ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2004, sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọ́ Áfríkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí dátà yín kéré, ìdìpọ̀ kejì Lost Crops of Africa, tó jáde ní 2006, wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní PDF lórí ìkànnì National Academies Press. Ní Ìbàdàn, NIHORT wà ní Ìdí-Ìṣín láti 1975. Ewébẹ̀, èso àti òdòdó ni iṣẹ́ ìwádìí wọn. Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ béèrè ìwé ìtọ́sọ́nà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní London tàbí Chicago, ẹ yí ìdánwò yìí padà. Ìwé ibẹ̀ ni tiyín, nítorí yìnyín yín kò mọ̀ pé ọmọ Òṣogbo ni ewédú tí ẹ gbìn.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló kù. Google Lens àti irú rẹ̀ lè fún yín ní orúkọ Látìn kan láti fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ewé kankan nítorí pé fóònù sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi hàn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, kí ẹ sì wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwé.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìwé kan tó yege, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tó ní sùúrù, àti ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tí ẹ ń kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbin nǹkan sí: bí ẹ bá ṣe èyí fún ọdún méjì, ẹ máa ní ìwé ọgbà àdúgbò yín tí kò sí ní ilé ìtàwé kankan.

Bí ẹ bá ti ní ìwé kan nílé, ẹ fi ìdánwò márààrún yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kí ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà o. Kí òjò yín má pẹ́, kí ikán má mọ ọ̀nà ilé yín.