Àìrẹ́ni-bá-sọ ló ń jẹ́ kí èdè Ṣáínà tètè sú àwọn tó ń kọ́ ọ l'Ékòó

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀. Ẹni tó ra ìwé, tó sanwó kíláàsì, tó ń fi "nǐ hǎo" kí gbogbo ará ilé lóṣù àkọ́kọ́, tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta, ìwé ọ̀hún á ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bi í léèrè, ohun tó máa sọ ni pé ta ló fẹ́ bá sọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Àwọn tó ń lọ kó ọjà ní Guangzhou mọ̀ pé ẹni tí kò gbédè, ẹnu ẹlòmí-ìn ló fi ń nájà. Nínú Mandarin, "mǎi" ni kéèyàn ra nǹkan, "mài" sì ni kó tà á. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. "Sì" ni mẹ́rin, "shí" ni mẹ́wàá. Ẹni tó bá ṣì í gbọ́, owó ẹ̀ ti wọgbó.

Àmọ́ ibi tó ń ba àwọn òyìnbó lẹ́rù gan-an ni Yorùbá ti lè rọ́wọ́ mú. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní, Yorùbá ní mẹ́ta. Ẹni tó ti mọ̀ láti kékeré pé igbá kì í ṣe igba, igba kì í sì í ṣe ìgbà, ohùn kọ́ ló yẹ kó lé e sá.

Kí wá ni kẹ́ni tí kò rí ará Ṣáínà kankan ládùúgbò ṣe? Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé lọ. Lábẹ́ ètò onípele mẹ́fà tí wọ́n gbé jáde fún ìdánwò HSK ní 2010, ọ̀rọ̀ 150 péré ni ìpele kìn-ín-ní. Tèèyàn bá ń mú márùn-ún lóòjọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa kà á tán. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà. Tọ́jọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀lẹ á kúrò lára.

Ẹ má fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣòfò. Ẹ ti nǹkan bọ etí nínú mọ́tò, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ tẹ̀lé e lábẹ́lẹ̀. Ẹ gba ohùn yín sórí fóònù, kẹ́ ẹ fi wé ti olùkọ́. Pàtàkì jù lọ, ẹ wá ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ń kọ́ ọ, kẹ́ ẹ máa fohùn ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp. Kí ọ̀kan ṣe ọlọ́jà, kí èkejì ṣe oníbàárà: "duōshao qián?" ìyẹn eélòó ni? "Tài guì le!" ó ti wọ́n jù! Ẹni tó bá fẹ́ olùkọ́ lójúkojú, Confucius Institute wà ní Yunifásítì Èkó.

Ohun tó ń pa èdè lẹ́nu ni kéèyàn máa retí ọjọ́ tó máa dé Ṣáínà kó tó la ẹnu. Ẹni tí kò sọ ọ́ nílé, ó máa ya odi lọ́jà Guangzhou ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.