Ẹ̀tọ́ Tó Di Ojúrere: Ohun Tí Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀ Fi Sílẹ̀ Nínú ECOWAS

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀, jáde kúrò nínú ECOWAS, àjọ tí wọ́n bá àwọn aládùúgbò wọn dá sílẹ̀ nílùú Èkó ní ọdún 1975. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bodè yóò tì lọ́jọ́ náà, pé tírélà yóò tò sójú títì, pé àlùbọ́sà àti ẹran yóò gbówó lórí lójijì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ECOWAS kéde pé kí àwọn méjìlá tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà tó ní àmì àjọ náà lọ́wọ́ àwọn ará orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọjà wọn sì máa kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀, títí àjọ yóò fi sọ nǹkan mìíràn. Màlúù ṣì ń wọlé, ẹ̀wà ṣì ń wọlé, èrò ṣì ń lọ wọ́n sì ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀. Èmi rò pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń wò. Ìdí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ìkéde yẹn: àyè náà wà títí ẹni tó fi í sílẹ̀ yóò fi yí ọkàn padà. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ojúrere. Àyálégbé tó ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ àti ẹni tí ọ̀rẹ́ kàn gbà sílé lè máa sùn nínú irú yàrá kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé nìkan ni ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ tó láti náwó sórí yàrá náà.

Ká yẹ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ wò. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Àdéhùn mìíràn yọ owó bodè kúrò lórí ọjà tí wọ́n bá kórè tàbí tí wọ́n bá ṣe láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Láti ọdún 2015, wọ́n tún jọ fẹnu kò sórí iye tí gbogbo wọn yóò máa gbà lórí ọjà tó bá ti òkèèrè wá, bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo títí dé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn mẹ́ta tó jáde yìí ṣì wà nínú UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó séfà, tí Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Sẹ̀nẹ̀gà àti Côte d'Ivoire náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, okùn tó so Niamey mọ́ Kútọnu kò tíì já tán. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà àti Gánà kò sí nínú UEMOA. Òfin ECOWAS ni òwò láàárín Nìjẹ̀ àti Nàìjíríà dúró lé tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi pààlà gùn ju 1,500 kìlómítà lọ, ará àti ìyekan ló sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, láti Ṣókótó àti Kàtsínà títí dé Maradi. Àlùbọ́sà tí wọ́n ń gbìn ní Galmi, ní Nìjẹ̀, gbajúmọ̀ dé ọjà Àkírà àti Àbíjàn. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ àti irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni òfin yìí ń ṣiṣẹ́ fún, kódà nígbà tí wọn ò mọ̀ pé ó wà.

Ó yẹ ká gbà pé ìbínú àwọn tó jáde kò ṣàìnídìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni àwọn sójà lé Ààrẹ Mohamed Bazoum kúrò lórí oyè ní Nìjẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni ECOWAS ti gbé ìjìyà kalẹ̀: wọ́n ti bodè, wọ́n de owó Nìjẹ̀ mọ́lẹ̀ ní báńkì, wọ́n sì ní àwọn lè fi ogun lé àwọn sójà náà lọ. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń tà fún Nìjẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò nígbà náà ló ń ti ibẹ̀ wá. Ọ̀gágun tó gbàjọba ní oúnjẹ àti iná nínú ààfin; aláìsàn inú ilé ìwòsàn àti ẹni tó ń rọ bíríkì ni ìyà náà jẹ. Málì náà ti tọ́ irú rẹ̀ wò ní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so ara wọn pọ̀ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní AES, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2024 pé àwọn ti kúrò. Òfin àjọ, ní abala 91, ní kí ẹni tó bá fẹ́ jáde fi ọdún kan ṣe ìkìlọ̀, òun ló fà á tó fi di 2025. Nígbà tí ECOWAS yọ ọ̀pọ̀ ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwò ṣe ń rí nígbà tó bá gbára lé inú dídùn ìjọba, kó wo afárá orí odò Ọya tó so Malanville ní Bẹ̀nẹ̀ mọ́ Gaya ní Nìjẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń ti èbúté Kútọnu lọ sí Nìjẹ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ tì í nítorí ìjìyà ECOWAS. Nígbà tí ìjìyà kásẹ̀ nílẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ ṣí apá tirẹ̀, Nìjẹ̀ kò ṣí tirẹ̀. Ó ní sójà Faransé wà ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó fẹ́ da ìlú òun rú. Bẹ̀nẹ̀ ní irọ́ ni. Àwọn tó ń kó ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí èbúté Lómè, wọ́n ń gba Bùrkínà Fasò kọjá, pẹ̀lú sójà tó ń sìn wọ́n nítorí àwọn agbésùnmọ̀mí tó wà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà náà jìn, ó sì léwu, ẹni tó ń ra oúnjẹ ní Niamey ló sì ń san owó ìjìnnà àti ewu náà. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pá epo kan tó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà wà láti Agadem ní Nìjẹ̀ dé etíkun Sèmè ní Bẹ̀nẹ̀, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ló ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Patrice Talon, Ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ní ọkọ̀ kankan kò ní í gbé epo náà ní etíkun òun bí Nìjẹ̀ kò bá ṣí bodè. Ṣáínà ló wá bá wọn dá sí i. Nìjẹ̀ kò tíì parí ọdún ìkìlọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò ka tábìlì ECOWAS sí ibi tí a ti ń parí ìjà mọ́. Aládùúgbò méjì tí wọ́n jọ ń ná owó kan náà ní láti dúró de ẹni tó ti ìdàkejì ayé wá kí epo tó lè ṣàn.

Ìtàn Ìlú Ọba fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìjọba ológun. Ní ọdún 2016, ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò níbẹ̀ ní kí wọ́n kúrò nínú Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n kúrò ní ọdún 2020, wọ́n sì ṣe àdéhùn tó dára gan-an lójú ìwé: ọjà tí wọ́n bá ṣe lọ́dọ̀ ara wọn kò ní í san owó bodè kankan. Síbẹ̀, láti oṣù Kìíní ọdún 2021, ẹni tó ń ta wàrà tàbí ẹja sí òdìkejì omi ní láti fi ìwé hàn pé ibí báyìí ni ọjà ti wá, pé dókítà ẹran ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò sí kòkòrò lára igi tí wọ́n fi dì í. Iléeṣẹ́ ńlá gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa kọ ìwé. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré pa apá Yúróòpù tì. Office for Budget Responsibility, tó ń bá ìjọba Ìlú Ọba ṣírò ọjọ́ iwájú ọrọ̀ ajé rẹ̀, ṣírò pé bó bá pẹ́ títí, ohun tí iṣẹ́ àwọn ará ìlú ń mú wá yóò fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí bí ì bá ṣe rí ká ní wọn ò jáde. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tó dìbò fún ìjáde fẹ́ kí àjèjì dín kù. Nígbà tí ará Yúróòpù kò lè wọlé ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú mọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wá òṣìṣẹ́ lọ síbòmíràn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú jù lọ ní ọdún 2022 àti 2023. Bí orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ní etíkun, tó sì jáde pẹ̀lú àdéhùn kíkún bá san irú owó yìí, kí ni ká retí fún àwọn mẹ́ta tí kò ní etíkun rárá?

Àwọn kan yóò bi wá pé, ẹ̀tọ́ wo gan-an ni ECOWAS ní? Ṣebí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti bodè mọ́ Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí àjọ kò rí i mú? Ṣebí láti Sèmè dé Lómè, ẹni tó ní ìwé pípé náà ń ki owó bọ àwọn agbófinró lọ́wọ́? Òótọ́ ni, mi ò ní í sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òótọ́ yìí ń sọ. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ nínú òfin ṣì lè tọ́ka sí ibi tí òfin ti wà, ó lè gbé ẹjọ́ lọ, ìjọba rẹ̀ lè fi orúkọ òfin bá aládùúgbò jà. Ẹni tó wà níta kò ní ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ohun tí ìwà Nàìjíríà sì kọ́ wa ni pé bí àjọ bá ṣe ń rú òfin ara rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìjáde ṣe ń dà bí ohun tí kò ní ìnáwó lójú àwọn tó ń bínú. Àwọn tó ti bodè ní ọdún 2019 wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún ìjáde ọdún 2025.

Ní ti òṣèlú, àdánù náà hàn gbangba ju ti ọjà lọ. ECOWAS ní kóòtù kan ní Àbújá tí mẹ̀kúnnù lè gbé ìjọba tirẹ̀ lọ. Obìnrin ará Nìjẹ̀ kan tí wọ́n tà sóko ẹrú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2008, kóòtù dá a láre, ó sì ní kí Nìjẹ̀ san mílíọ̀nù 10 owó séfà fún un. Ọmọ Nìjẹ̀ tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá jẹ lónìí, ọ̀nà yẹn ti tì mọ́ ọn. Àdéhùn àjọ ní ọdún 2001 tún sọ pé a ò gbọdọ̀ fi ìbọn gbàjọba. Lẹ́yìn ìjáde, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani, tó gbàjọba ní Nìjẹ̀, búra fún ọdún márùn-ún ní oṣù Kẹta ọdún 2025; Málì tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká ní oṣù Karùn-ún; nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n fún olórí rẹ̀, Assimi Goïta, ní ọdún márùn-ún tí wọ́n lè tún fi kún láìsí ìdìbò. ECOWAS kò lágbára tó láti dá ìkankan nínú rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kó tó di pé wọ́n jáde, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ìfura láàárín àwọn tó jáde àti àwọn tó kù náà ti ń kọjá àlà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tí bàálù sójà Nàìjíríà kan balẹ̀ ní pàjáwìrì ní Bobo-Dioulasso, Bùrkínà Fasò dá àwọn sójà mọ́kànlá inú rẹ̀ dúró títí mínísítà Nàìjíríà fi lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Láàárín ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ìpè orí fóònù ì bá ti parí rẹ̀.

Àwọn tó fara mọ́ ìjáde yóò ní ọ̀nà kan kò wọjà. Mòrókò ti ní òun yóò ṣílẹ̀kùn etíkun Àtìláńtíìkì fún wọn, Tógò ń gba ẹrù wọn, AES sì ti di àpapọ̀ ìjọba láti oṣù Keje ọdún 2024, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Èsì mi ni pé Mòrókò jìnnà, ọ̀nà ibẹ̀ sì la aṣálẹ̀ kọjá. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí ń dáná sun ọkọ̀ epo tó ń bọ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà àti Côte d'Ivoire, epo wọ́n ní Bàmákò débi pé ìjọba ti iléèwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀nà etíkun àwọn ọmọ ECOWAS yìí kan náà ni ẹ̀mí Málì gbé wà. Ẹ tún wo ohun kan tí AES ṣe: ó fi ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tó bá ti ìta wọlé, gẹ́gẹ́ bí ECOWAS ṣe ń gbà á. Wọn kò sì kúrò nínú UEMOA. Ìwà wọn fúnra wọn jẹ́rìí pé wọ́n mọ iyì ẹgbẹ́. Ìbínú wọn sí ECOWAS pọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú kò lè gbẹ́ etíkun sí Niamey.

ECOWAS náà pàdánù. Ju ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ lọ ló bá àwọn mẹ́ta yìí lọ, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 70, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí tó wà lọ́hùn-ún ń sún mọ́ àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí kò ti jìnnà sí wa. Mọriténíà jáde ní ọdún 2000. Ó di ọdún 2017 kó tó tún bá àjọ náà fọwọ́ sí ìwé òwò. Ọdún mẹ́tàdínlógún pọ̀ jù fún ẹni tó ń ta màlúù. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ECOWAS àti AES ti bẹ̀rẹ̀ ní Bàmákò láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó sì yẹ kí Nàìjíríà, tí òwò náà kàn jù, sáré sí i kí ohun tó wà lọ́wọ́ ojúrere báyìí lè padà di ohun tí a kọ sílẹ̀: ọ̀nà ẹrù, 90 ọjọ́ àlejò, ìrìn àwọn darandaran, ibi tí a ó ti máa parí ìjà. Ọjọ́ tí ìwé náà bá jáde, kí oníṣòwò má wo ẹ̀rín àwọn ààrẹ nínú fọ́tò. Kó wá ibi tó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: bí inú bá bí ìjọba kan lọ́la, òfin wo ni kò ní í jẹ́ kó ti bodè mọ́ ẹrù mi?