Sítáàṣì Pòtétò àti Ọbẹ̀ Inú Agolo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń gbé ní Oakville níhìn-ín, tí a ń ro ìyẹ̀fun pòtétò jẹ bí ìyán, a mọ̀ pé òkèlè náà dára nígbà tí ó bá gbóná. Ṣùgbọ́n bí ó bá sun inú fìríìjì, yóò le, omi yóò sì sẹ́ sí abẹ́ àwo. Ọbẹ̀ inú agolo ńkọ́? Ó ti pẹ́ lórí àtẹ, síbẹ̀ ó ki bí ẹni pé òwúrọ̀ yìí ni a sè é. Ẹ wo ara agolo náà, ẹ ó rí “modified starch”. Kí ni wọ́n ṣe sí sítáàṣì ọ̀hún?

Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 60 sí 65°C, hóró sítáàṣì pòtétò a mu omi, a wú, a sì bẹ́. Bí ó bá tutù, àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ tí à ń pè ní amylose a tún súnmọ́ ara wọn, wọn a sì fún omi jáde. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì a fi acetic anhydride so nǹkan kéékèèké mọ́ okùn wọ̀nyí kí wọ́n má baà lè súnmọ́ra mọ́. Wọ́n tún ń fi phosphorus oxychloride dí wọn pọ̀ bí ìtí igi, kí iná, ìkan àti ẹ̀rọ ìrokà má baà tètè bẹ́ hóró náà. Ìwọ̀nba ni o. Bí ó bá ti pọ̀ jù, hóró náà kò ní wú rárá. Ti hypochlorite, ìbátan omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, gígé ni ó ń gé okùn náà, tí sítáàṣì fi ń ṣàn tí ó sì ń mọ́ gaara. Ìyẹn wúlò fún àwọn tí ń ṣe bébà.

Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé dídì tí àwọn wọ̀nyí ń sá fún gan-an ni alẹ́kọ ń wá!

Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní àgbáyé. IITA ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ wa ṣì ń ra sítáàṣì láti òkè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí ṣeé ṣe fún sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka kẹ́místrì, bí wọ́n bá ní kí ẹ yan iṣẹ́ ìwádìí, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè gbé ti ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti pòtétò. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà ní Toronto. Tapioca ni wọ́n ń pè é.