Mọ́nítọ̀ Méjì, Kọ̀ǹpútà Kan: Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ wa ní Pasadena, ní Johnson Space Center tó wà nítòsí wa, àwọn tó ń ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà kì í wo mọ́nítọ̀ ẹyọ kan. Nílé tiwa náà, ó rọrùn fún ọmọ láti ka ìwé lórí ọ̀kan, kó sì máa kọ iṣẹ́ lórí èkejì.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín. Ihò HDMI tàbí DisplayPort mélòó ló wà níbẹ̀? Bó bá ní káàdì àwòrán ọ̀tọ̀, ara rẹ̀ ni kí ẹ ki wáyà méjèèjì sí. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tó ń pín HDMI kan sí méjì: àwòrán kan náà ló máa ń gbé sórí méjèèjì. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P, kí ẹ mú “Extend”.

Ẹ gbé èyí tí ẹ ń lò jù síwájú gan-an, kí òkè rẹ̀ má ga ju ojú lọ, kí ọrùn má baà máa dunni. Ní ìṣẹ́jú 20 sí 20, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi èkejì wo eré nígbà tí iṣẹ́ wà lórí àkọ́kọ́. Ẹ rántí Màtá: iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ pín. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí méjèèjì kọjú sí pálọ̀.