Ìjà Orí Ihò Ṣọ́bìrì

Bí òkun bá ti fà sẹ́yìn ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin á ti dé. Ẹ̀rọ tó ń ké lọ́wọ́ wọn ni èrò máa ń wò. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn fúnra wọn ni ṣọ́bìrì tí wọ́n gbé kọ́ èjìká.

Oníhò ni, bí ajere. Wọ́n á bu yanrìn kún un, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, yanrìn á jò, ohun tí ẹ̀rọ torí rẹ̀ ké á ṣẹ́ kù. Èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe wọ́n lọ́jà, ni oníkálùkù bá di alágbẹ̀dẹ. Ẹnì kan á fi ayùn gé páìpù ike ńlá, á lu ihò sí i lára. Òmíràn á yọ́ asẹ́ ìyàwó rẹ̀ mú nílé ìdáná. Ṣíbí oníhò tí wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ ológbò làwọn kan ń lò, ẹ má rẹ́rìn-ín o, nínú yanrìn gbígbẹ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ike kì í mú ẹ̀rọ ké, nítorí náà wọ́n lè gbé e síwájú ẹ̀rọ láì da yanrìn inú rẹ̀ nù, kí wọ́n mọ̀ bóyá nǹkan ti wọlé. Irin ò lè ṣe èyí.

Àmọ́ yanrìn tútù ò mọ àwàdà. Ó wúwo, ó ń fà mọ́ nǹkan, ike á sì ṣẹ́ níbi tí èèkù ti wọnú rẹ̀.

Ihò gan-an ni àríyànjiyàn tó dùn jù. Bí ihò bá tó mílímítà 16, yanrìn á tètè jò, yẹtí kékeré á sì bá a lọ. Bí wọ́n bá dín in kù sí 8, òkúta wẹ́wẹ́ àti ìkarahun á kún inú rẹ̀ bámú. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn ṣe tiwọn máa ń búra pé nǹkan kan ò bọ́ rí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ohun tó bá ihò lọ kì í pa dà wá sọ. Àwọn ọlọ́jà náà ò sàn jù wọ́n lọ: wọ́n ní irin tiwọn ò lè tẹ̀ láé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fẹ́ kí yanrìn tètè jò? Létí ẹ̀rọ, òrùka wúrà àti etí agolo ọtí tí wọ́n ń fà ṣí lè dún bákan náà. Kí wọ́n tó rí òrùka kan, wọn á ti gbẹ́ etí agolo yọ láìmọye, òkun sì ń pa dà bọ̀. Ẹni tó ń ka owó tí kò ná lórí ṣọ́bìrì kì í sábà ka àkókò tó ń ṣòfò mọ́ ọn.

Òfin ò bìkítà nípa ṣọ́bìrì. Bí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tàbí fàdákà tí wọ́n rí bá ti lé ní ọdún 300, òfin ìṣúra ọdún 1996 ní kí wọ́n sọ láàárín ọjọ́ 14 fún òṣìṣẹ́ ọba tó ń wádìí ikú òjijì. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ń gbé méjèèjì: ike fún òkè etíkun, irin fún ẹsẹ̀ omi. Bí ẹ bá wo èèkù irin ọ̀hún dáadáa, igi réèkì àtijọ́ ni.